Iyanrìn Òkun Nínú Ìkòkò Atalẹ̀

Àjíkẹ́ Ọ̀kín, ọmọ Ìyẹ̀rú, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ, ọmọ ìjàkadì lorò. Àjíkẹ́ tí í jí kí ẹni tí ń pe ìrun tó jí. Apọ́nbéporẹ́, arẹwà tí kì í fi ẹwà yájú sí ọkọ. Aya àgbà tí í gbé omi atalẹ̀ síwájú àlejò kó tó bi í pé níbo ló ti wá. Ìyálé mi ni. Ọkọ kan náà ló fẹ́ wa, agboolé kan náà la jọ gbé ní Sabon Zongo, nínú ìlú Accra, títí orí àwa méjèèjì fi funfun. Ó ti lọ. Kí Ọlọ́run Ọba foríjì í, kó fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí. Mo mọ orúkọ baba wọn, mo sì mọ orúkọ púpọ̀ nínú ìyá tó bí wọn. Ṣùgbọ́n olórúkọ ló ni orúkọ, n kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ti ń pe ara wa nínú ilé ni mo máa pè wọ́n. Ìyálé mi ń pè mí ní ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ká tán lẹ́nu mi. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, ó ń wa tróòtró, àwọn mọ́tò kéékèèké tí ń kó èrò káàkiri Accra. Ìyàwó ọmọ náà ni ìyálé mi ń pè ní Ọmọ Kwahu, nítorí orí òkè Kwahu lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ àwọn Akan. Ìgbà tó fẹ́ ọmọ wa ló gba ẹ̀sìn. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ti lè sọ ọ́ lọ. Ó ń pe ìyálé mi ní Hajia, ó ń pe èmi ní Ìyá Kékeré.

Mo sunkún Àjíkẹ́, mo ṣì ń sun ún. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan húkọ́ ní yàrá kejì, ọkàn mi á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tí mo ronú sí bó ṣe lọ, ara mi á fúyẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Inú oṣù ààwẹ̀ ni ọkọ wa kú, ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kejì dé, ìyálé mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Àlùfáà àdúgbò wa pé gbogbo Jímọ̀ inú Ramadan, òun ni yóò máa gbé omi tí àwọn ará mọ́sálásí yóò fi ṣínu, ní orúkọ baálé wa. Lamujín ni àwọn Hausa ń pe omi náà, gbogbo Zongo sì ti gba orúkọ náà lẹ́nu wọn. Ìrẹsì tí a rẹ sómi ni, tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ atalẹ̀ tútù àti kànáfùrù, tí a wá fi aṣọ sẹ́, tí a fi ṣúgà sí. Atalẹ̀ ni olórí inú rẹ̀. Bí atalẹ̀ kò bá tó, omi ìrẹsì lásán ni o gbé fún èèyàn mu. Àwa nínú ilé kò pè é ní lamujín. Omi baálé la ń pè é.

Kò sí Ramadan kan tí omi baálé yẹ̀. Ọdún tí òjò wọ ilé wa dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ. Ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyálé mi, ó fi ojú kan ṣoṣo sẹ́ ìrẹsì, omi lọ.

Ẹni tó bá mọ oúnjẹ mọ̀ pé bí ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́, gbogbo ilé ló ń wá atalẹ̀. Èyí tó dáa a wọ́n, èyí tó kù lọ́jà a sì ti hunjọ bí etí ewúrẹ́ tó kú. Ìyálé mi kì í dúró de ìgbà yẹn. Ó ti ra tirẹ̀ pa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ sí ọjà Kaneshie, kì í rán ẹnikẹ́ni. Àwọn alátalẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bó bá ti yọ lókèèrè báyìí, wọ́n á máa pariwo láàárín ara wọn pé, "Alata maame aba o!" Ìyá Alata ti dé nìyẹn, nítorí Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní ìlú yìí. Wọ́n á máa kó èyí tó ti gbẹ pa mọ́ sẹ́yìn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó máa dójú tì wọ́n.

Bó ṣe ń yan atalẹ̀ rèé: a kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo. A fi àtàǹpàkò tẹ awọ rẹ̀, kó le, kó má hunjọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá dá ìka kan lára rẹ̀, a sì fi etí sí i. Bó bá dún kẹ́ń, ó gbà á. Bó bá tẹ̀ láìdún, tàbí tí okùn bá yọ láàárín bí ti kànrìnkàn, a dá a padà sórí àtẹ.

"Jọ̀ọ́, igi ìdáná lò ń tà ni?"

"Hajia, ẹ dẹ̀ dá a tán, ta ni yóò rà á?"

"Ìwọ náà ni kó o fi í se ọbẹ̀ ọkọ rẹ. Ó pẹ́ tí ìwọ náà ti jẹ atalẹ̀."

Bó bá gbé e délé, kì í fọ̀ ọ́. Èyí ló ń kọ́kọ́ kì gbogbo ènìyàn nílọ̀: a kì í fọ atalẹ̀ tí a fẹ́ tọ́jú. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí àpò nínú òjìji kí ojú ibi tí wọ́n ti dá a gbẹ, kó sé. Lẹ́yìn náà a kó o wọ inú ìkòkò amọ̀ ńlá kan tí ìdí rẹ̀ ti lu díẹ̀, tó wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, ibi tí oòrùn kì í dé. A da iyanrìn sí ìsàlẹ̀, a to atalẹ̀ sórí rẹ̀ kí ọ̀kan má kan èkejì, a tún da iyanrìn bò ó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìkòkò a fi kún. Iyanrìn náà kò gbọdọ̀ gbẹ táútáú, kò sì gbọdọ̀ rin. A ní bó o bá fún un lọ́wọ́, kó dì mọ́ra, ṣùgbọ́n kí omi má kán. Atalẹ̀ tó bá wà nínú ibẹ̀ lè pẹ́ títí, kó ṣì máa rùn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u. Ilé ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà ló ti kọ́ ọ, ibi tí iyanrìn odò kò ti jìnnà sí wọn.

Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ìkòkò yẹn. Èmi pàápàá, bí mo bá fẹ́ atalẹ̀ sínú ọbẹ̀, mo ń tọrọ ni.

Nígbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní gbogbo Ghana, èyí tí wọ́n ń pè ní dumsor, Ọmọ Kwahu kó atalẹ̀ tirẹ̀ sínú fìrìjì, níbi tí omi ti ń dì. Atalẹ̀ dì gbagidi. Iná lọ, atalẹ̀ yọ́. Iná dé, ó tún dì. Ìgbà tó fi máa fẹ́ se ọbẹ̀ ẹ̀pà, ohun tó bá nínú rọ́bà dúdú náà rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ìyálé mi jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ Kwahu, bá mi kí fìrìjì o. Sọ fún un pé mo ní ó kú ìtọ́jú."

"Hajia, fìrìjì ò ṣe nǹkan kan. Iná ló lọ."

"Iyanrìn tèmi ò mọ̀gbà tí iná lọ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyálé mi kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọ náà. Kò kàn gbà á gbọ́ ni.

Àìsàn inú ló mú un lẹ́yìn ìgbà yẹn. Oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Omi atalẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí a gé atalẹ̀ sí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tí a bọ̀ ọ́ díẹ̀, nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ ń gbà láìbínú. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó mọ̀ pé òun ń lọ, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Ikú kò bà á lẹ́rù. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún.

"Ìyàwó, ta ni yóò máa gbé omi baálé lọ?"

"Ọlọ́run á pèsè, Ìyálé mi."

"Ọlọ́run kì í wá báni sẹ́ ìrẹsì. Àsítàgàfúrúláì, mi ò sọ̀rọ̀ òdì o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló fi ń ṣe é."

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ tèmi ti ká, n kò lè di ṣíbí mú dáadáa láti fi ha èèpo atalẹ̀. Ọmọbìnrin tèmi ní Dansoman ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ìyálé mi, ojú títì ló ń ti ṣínu, pẹ̀lú omi inú rọ́bà. Ẹni tó kù ò ju ẹnìkan lọ, àwa méjèèjì sì mọ ẹni náà. Mo dárúkọ rẹ̀ fún un ní ọjọ́ kan. Ó mi orí.

"Kò fojú kan baálé rí. Ọdún kìíní á ṣe é, nítorí ojú mi. Ọdún kejì á ṣe é, nítorí ojú rẹ. Bí àwa méjèèjì bá ti lọ tán, á ní kí ló kan òun nínú sàárà ọkọ ọlọ́kọ? N kò ní bú u. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀."

Ohun tó fi ń mí ìmí ẹ̀dùn nìyẹn. Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ níwájú Ọlọ́run, tí yóò já lẹ́yìn rẹ̀ bí okùn tó gbó.

Ní ọdún tó kẹ́yìn yìí, ó ti ra atalẹ̀ rẹ̀, ó sì ti rì í sínú ìkòkò bó ti máa ń ṣe, nígbà tí àìsàn inú yẹn tún kọlù ú tí wọ́n fi dá a dúró sí ọsibítù. Èmi wà ní Dansoman lásìkò náà, ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, mo ń wẹ ọmọ fún un. Ọmọ Kwahu nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọsibítù àti ilé. Nígbà tí ìyálé mi padà wálé, mo wálé pẹ̀lú. A kò fọwọ́ kan ìkòkò. Kò sí ìdí tí a fi máa kàn án, ààwẹ̀ kò tíì dé.

Ààwẹ̀ wá dé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, ìyálé mi ní kí n bá òun yọ atalẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò. Ohun tí ọwọ́ mi bà kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu: iyanrìn náà kúnná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó funfun, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Èérún ìkarahun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo wá kan atalẹ̀. Ó rọ̀. Ó ti hunjọ bí ìka ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo yọ òmíràn, bákan náà. Mo fa ọwọ́ jáde, n kò sì lè wo ojú rẹ̀.

"Gbé e wá."

Mo gbé e fún un. Ó fún un, omi kán. Ó já bíńtín lára rẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dànù nítorí ààwẹ̀, ó sì nu ẹnu.

"Iyọ̀," ló wí. "Iyọ̀ ni èyí."

Ìgbà náà gan-an ni Ọmọ Kwahu wọlé láti ìdí ẹ̀rọ omi, ó ru bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló pààrọ̀ iyanrìn mi?"

Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Mo fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ àdúgbò ni, tàbí pé ológbò. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù.

"Hajia, èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Èèrà, Hajia. Èèrà dúdú ti wọ inú iyanrìn àtijọ́, wọ́n pọ̀ gan-an, agya ei! Wọ́n ti ń jẹ ojú atalẹ̀. Ẹ wà ní ọsibítù, Ìyá Kékeré ò sí nílé. Mo kó atalẹ̀ jáde, mo da iyanrìn nù. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn kọ́lékọ́lé, òkúta ni. Mo fẹ́ iyanrìn tó mọ́."

"O wá bù ú níbo?"

"Korle Gonno, Hajia. Etí òkun. Ibẹ̀ ló mọ́ jù."

Ẹni tó bá dàgbà sí etí odò mọ̀ pé iyanrìn ni iyanrìn. Ẹni tó dàgbà sórí òkè mọ̀ pé ilẹ̀ ni ilẹ̀. Èmi náà ti gbé Accra pẹ́, n kò sì rò ó rí pé iyanrìn tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ létí òkun lè mu omi inú atalẹ̀ gbẹ bí ẹni ń mu ọtí.

Ìyálé mi gbé atalẹ̀ náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀. Mo mọ irú ìṣe yẹn. Òun ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣeé gbé mì. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi.

"Ta ló bá ọ rù ú?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni. Mátè tó ń gba owó mọ́tò ní iyanrìn rírin ò lè wọ mọ́tò àwọn. Mo rù ú lórí."

"Láti Korle Gonno?"

"Mo sinmi lọ́nà o, Hajia."

"O fi orí ru iyanrìn òkun láti Korle Gonno dé Sabon Zongo, nítorí atalẹ̀?"

Ọmọ náà gbé ojú sókè. Ó jọ pé ìbéèrè náà kò yé e.

"Nítorí omi Baba. Bí èèrà bá jẹ ẹ́ tán, kí la máa fi ṣe omi Baba?"

Ìyálé mi wò ó. Ó wo èmi náà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n léjìká, lẹ́yìn náà ó jáde lẹ́nu, ó rín títí ó fi ń húkọ́, tí mo fi ń pa á lẹ́yìn.

"Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Ó ti sọ atalẹ̀ mi di kóòbí! Ẹja oníyọ̀ nìkan ni wọ́n ń sin sínú iyọ̀ báyìí. Ó ku ká fi se ọbẹ̀ ewé kóńtómírè."

Ọmọ Kwahu kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ó ṣe méjèèjì.

"Dìde, orókùn rẹ á dùn ọ́," ìyálé mi wí. "Omi Baba. Ó ní omi Baba." Ó tún un sọ bí ẹni ń tọ́ ohun kan wò lẹ́nu.

A kò da atalẹ̀ náà nù. Ó ní kí a fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, kí a da omi náà nù, kí a tún fọ̀ ọ́, títí iyọ̀ a fi lọ. A gé e pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, a tẹ́ ẹ sórí páànù òrùlé, níbi tí oòrùn Accra ti ń jó o. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó gbẹ kóró kóró. A gún un, a kù ú, ó sì di lẹ́búlẹ́bú tí a ń bù sínú kókó Hausa, ògì jéró, ní sààrì. Kò burú. Ó mú imú.

Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú kì í ṣe omi baálé. Atalẹ̀ tútù ló gbà, lọ́jọ́ tí a yọ atalẹ̀ náà, ọ̀la ni Jímọ̀. Ìyálé mi kò lè dé Kaneshie. Ó pe Ọmọ Kwahu jókòó síwájú rẹ̀, ó mú ìka atalẹ̀ kan tó gbẹ díẹ̀ nínú ilé ìdáná mi.

"Wò ó. Má fi ojú rà á. Fi etí rà á. Dá a. Bí wọ́n bá bú ọ, dá òmíràn."

"Bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé Ìyá Alata ló rán ọ. Wọ́n á bú ọ dáadáa nígbà yẹn."

Ó lọ. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Ìyálé mi ń yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń díbọ́n pé afẹ́fẹ́ lòun ń gbà. Nígbà tí ọmọ náà dé, òógùn ti bò ó, ó sì gbé àpò kékeré kan sílẹ̀. Atalẹ̀ kéékèèké ni, iyẹ̀pẹ̀ pupa ṣì wà lára wọn. Ìyálé mi mú ọ̀kan, ó dá a. Kẹ́ń. Ó mú èkejì láti ìsàlẹ̀ àpò, nítorí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi èyí tí kò dáa pa mọ́ sí. Kẹ́ń. Kò yìn ín. Ó kàn ní, "Mú ṣíbí wá, ká bó o."

Ní ilé wa, a kì í fi ọ̀bẹ bó atalẹ̀, ọ̀bẹ a máa kó ẹran rẹ̀ lọ. Etí ṣíbí la fi ń ha á, èèpo a máa ṣí bí awọ ẹ̀pà. Ìyálé mi kọ́ ọ bó ṣe máa yí ọwọ́ gba àárín àwọn ìka rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọmọ náà sọ fún wa pé ìyá-ìyá òun kì í tọ́jú atalẹ̀ rárá. Inú ilẹ̀ ló ń fi í sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bó bá fẹ́ se ọbẹ̀, á lọ wú ìka kan, á sì da ilẹ̀ padà bò ó.

"Ọlọ́gbọ́n ni ìyá-ìyá rẹ," ìyálé mi wí. "Ilẹ̀ wá dà ní Sabon Zongo? Sìmẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀. Àfi ká lọ sin atalẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àlùfáà."

Nígbà tó yá, ọmọkùnrin wa fi mọ́tò rẹ̀ gbé iyanrìn odò tòótọ́ wá láti ọ̀nà Weija. Ìyàwó rẹ̀ fọ iyanrìn náà kó tó dà á sínú ìkòkò. Ìyálé mi ní ẹni tí ejò ti bù jẹ, okùn ń bà á lẹ́rù.

Ọmọ Kwahu ló ru omi baálé lọ sí mọ́sálásí ní Jímọ̀ yẹn, èmi ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ife. Ìyálé mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kí ìrun Màgàríbà tán, Àlùfáà fúnra rẹ̀ bá wa padà wá sílé. Ojú rẹ̀ pupa.

"Hajia, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Àwọn baba àgbà ń húkọ́ nínú sàfù ìrun!"

"Ó mú?"

"Ó mú! Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò mọ̀ pé imú òun ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ọmọ Kwahu ti ń wá ibi tó máa sá sí. Atalẹ̀ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìyálé mi tàn.

"Bí baálé ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn," ló wí. Ó yíjú sí ọmọ náà. "Bó bá mu ife kìíní, imú rẹ̀ á máa ṣàn. Á ní, Àjíkẹ́, o ti ṣe mí léṣe. Á wá na ife síta pé kí n bu òmíràn."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọkọ wa fún un. Bí wọ́n bá ń ha atalẹ̀, ìtàn ni. Bí wọ́n bá ń sẹ́ ìrẹsì, ìtàn ni. Bó ṣe máa ń dé fìlà sí apá kan. Bó ṣe ta aṣọ ní Kokomlemle títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń bú ènìyàn ní èdè Ga, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Òmíràn wà níbẹ̀ tí èmi pàápàá kò gbọ́ rí, mo sì jẹ́ aya rẹ̀. Ọmọ Kwahu á máa béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé baba rẹ̀ ni. Ní Jímọ̀ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó ilé kejì pé, "Baba ò fẹ́ràn ṣúgà púpọ̀." Mo wo ìyálé mi. Ó ti gbọ́. Ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, ó ní kí a pe Àlùfáà wọlé. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀. Ó ti rù gan-an nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gbé omi baálé lé ọmọ yìí lọ́wọ́." Ó yíjú sí i. "Bó bá wúwo, sọ. N kò ní bínú. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Hajia."

"Má gbà á nítorí pé mò ń kú lọ."

"Hajia, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí n sinmi. Mo ní mo gbà."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ka Fátíhà, a fi ọwọ́ pa ojú. Mo rí i bí èjìká ìyálé mi ṣe sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti dé, n kò rí i kó sùn bó ṣe sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ tó yó.

Kò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ó jẹ Ìtúnu Ààwẹ̀ pẹ̀lú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lásán ló lè mu. Lẹ́yìn rẹ̀, kò pẹ́. Ní àárọ̀ kan, ó kírun níjòkòó, ó ní kí n ṣí fèrèsé, ó kí mi pé "Ìyàwó, o kú ìdúró," ó sì fi orí ti ògiri. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó ti lọ.

Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo bu omi. Ọmọ Kwahu di orí rẹ̀ mú. Nígbà tí a wọ̀ ọ́ láṣọ funfun tán, Àlùfáà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó gbé òkú jáde: bóyá gbèsè ẹnìkan wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò tíì san. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún, ó fi ọwọ́ bo ojú. Èmi náà ń fi ìborùn nu ojú.

Ọmọ Kwahu ló dáhùn, ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì mọ́: "Àlùfáà, kò sí. Ó wà lọ́rùn mi."

Wọ́n gbé e jáde. Ọjọ́ Àlàmísì ni. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Àsárì, a sì sin ín lọ́jọ́ náà.